Ìtàn Orúkọ Iṣẹ́, Láti Orí Káàdì Dé Inú DataStage

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ ń sọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórúkọ kò rí ilé kankan wò. Ààyè orí káàdì ni wọ́n wò. IBM kéde System/360 ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964, ẹ̀rọ ńlá agbékáàdì-mì-má-mumi. Lábẹ́ OS/360, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń darí rẹ̀, ó di dandan kí káàdì kan ṣíwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá rán an, kí ilà méjì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí orúkọ iṣẹ́ náà sì tẹ̀ lé e láìfi àlàfo sílẹ̀. Òpó 80 ni káàdì ọ̀hún ní, síbẹ̀ orúkọ náà kò gbọdọ̀ kọjá àmì 8 péré. Inú ìhámọ́ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́ àṣà gígé orúkọ kúrú.

Nínú àwọn ètò tó wá lẹ́yìn káàdì, ti DataStage ló wù mí jù láti sọ, nítorí pé ó ti gba ọwọ́ olówó púpọ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ VMark ní Massachusetts ló ṣe é ní àwọn ọdún 1990, kí ó lè máa kó dátà láti ibi kan, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó tún un tò, kí ó tó gbé e dé ibòmíràn. Inú UniVerse, dátábéèsì VMark fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń kó orúkọ iṣẹ́ pamọ́ sí, nínú fáìlì DS_JOBS. Ní 1998 VMark àti Unidata para pọ̀ di Ardent; ní 2000 Informix ra Ardent. Nígbà tó di 2001, IBM ra dátábéèsì Informix, ó kó UniVerse lọ, ṣùgbọ́n ó fi DataStage sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyókù Informix, tó wá ń jẹ́ Ascential: ó ra ilé, kò ra ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ní 2005 ló padà wá san nǹkan bíi dọ́là bílíọ̀nù 1.1 lórí Ascential.

Nínú DataStage, níbi tí iṣẹ́ ti ń pe iṣẹ́ ni wàhálà wà. Sequence tó ń pe àwọn yòókù, iṣẹ́ ni òun náà; àpótí kéékèèké inú àwòrán rẹ̀ ní orúkọ tiwọn, orúkọ iṣẹ́ gan-an sì fara sin sínú wọn. Bí ọ̀lẹ kan bá fi Job_Activity_0 sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́, àlejò kò lè mọ̀ bóyá owó oṣù ni àpótí náà ń ṣírò tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Àṣẹ dsjob -ljobs a máa ka gbogbo orúkọ jáde, ṣùgbọ́n kì í sọ èwo ló ń pe èwo. Nítorí náà ni àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú fáìlì dsx, ọ̀rọ̀ lásán tí ojú lè kà, tí wọ́n á wá orí BEGIN DSJOB, tí wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí wọn ó fi bá orúkọ tí wọ́n ń wá. Àwọn kan ń pe èyí ní ìyà. Lójú tèmi, làákàyè ni.

Ẹ̀dà 8 DataStage ló kó àwòrán iṣẹ́ lọ sí ibi ìpamọ́ tuntun tó lè wà lórí dátábéèsì bíi DB2 tàbí Oracle, ẹni tó bá sì tẹ iṣẹ́ kan nínú Designer, ibi tí a ti ń ya àwòrán iṣẹ́, lè béèrè ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá ń ṣí láti ẹ̀rọ ìdánwò lọ sí ẹ̀rọ gidi, fáìlì dsx ni ọ̀pọ̀ ṣì ń dì í sí.