Alága tí a fi etí rí

Lọ́dún 1980, rédíò bàbá mi ni pápá ìṣeré wa ní Ajárá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, wọ́n gbé e sórí àpótí lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń bá Algeria du Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà.

Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ọ̀kan: 3-0. Àwa ọmọdé ń pariwo Ọdẹ́gbàmí. Christian Chukwu, balógun ikọ̀, tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní “Chairman”, ni bàbá mi ń kà sí.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ Rangers ti Enugu ni Chukwu! Rangers yìí ló já IICC Ìbàdàn, ẹgbẹ́ bàbá mi, kúrò nínú ìdíje Áfíríkà lọ́dún 1977, tí wọ́n sì gba ife ọ̀hún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Algeria yẹn, bàbá mi gbàgbé ìjà.

“Ẹni tó ṣọ́lé,” wọ́n ní, “kì í gba ìyìn ẹni tó ròkò.”

Chukwu di olùkọ́ni, ó kó Super Eagles gba ipò kẹta ní Tunisia lọ́dún 2004. Nígbà tó kú ní oṣù Kẹrin 2025, àpótí yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí.