Ẹsẹ̀ Kẹta Púlọ́ọ̀gì: Ìtàn Ààbò Iná Mànàmáná Nínú Ilé Ìdáná ní Lọ́kọ́ja

Nígbà tí ilé ìdáná ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tí igi sì jẹ́ ohun ìdáná, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ìgbà tó bọ́ sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú yàrá, tí fíríìjì àti kẹ́tùlù wọ inú rẹ̀, ni ewu tuntun dé, nítorí pé ọwọ́ tútù àti ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tó rin ń ṣínà fún iná láti gba ara èèyàn kọjá.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti pinnu bí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà jogún yóò ṣe rí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nínú ìgbìmọ̀ tí Caroline Haslett ti jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ kí iná mànàmáná lè wúlò fún obìnrin inú ilé láìsí ewu; ó sì yẹ kí ìtàn rántí rẹ̀. Nínú ìlànà sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, BS 1363, tó jáde ní 1947, ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì, tó gùn ju méjì yòókù lọ, ló ń kọ́kọ́ wọlé láti ṣí ìdérí tó bo ihò tí iná wà, kí ọmọdé má baà ki irin bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ yìí kan náà ló so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó lọ bá ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kí iná tó bá já sí ara fíríìjì lè bá ibẹ̀ lọ dípò kó gbé ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìlànà yìí gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Lọ́kọ́ja kò rọrùn. Lẹ́sẹ̀ Òkè Patti, òkúta kì í jẹ́ kí ọ̀pá irin wọlẹ̀ jìnnà, ilẹ̀ tó bá sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í gba iná dáadáa, débi pé fíúsì, tó yẹ kó já iná, lè má jó rárá nígbà tí ewu ti dé. Nítorí èyí, ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí mílíáǹpù 30 péré bá sọnù sí ilẹ̀, tó jọ èyí tó ń já ní nǹkan bíi mílíáǹpù 5 tí òfin wáyà Amẹ́ríkà ti ń béèrè fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì ilé ìdáná láti 1987, ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ohun mìíràn nínú ilé Lọ́kọ́ja, kí àjọ NEMSA ti Nàìjíríà, tí òfin 2015 fún ní iṣẹ́ yíyẹ wáyà wò, sì tẹnu mọ́ ọn.

Létí omi ńkọ́? Ní 2012 àti 2022, Odò Ọya àti Bẹ́núè kún wọ inú ilé ní Lọ́kọ́ja, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ilẹ̀ ni omi irú bẹ́ẹ̀ sì ń kọ́kọ́ bá. Bí omi bá ti fà, ọ̀rinrin àti ẹrẹ̀ ṣì ń wà nínú ògiri, ìdí nìyí tí oníṣẹ́ wáyà fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ṣàyẹ̀wò gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó dá iná padà.