Fáìlì tí kò ṣeé ṣí, tí kò sì ṣeé parẹ́: Àmì abẹ́ lẹ́tà àti orúkọ àdúgbò Ìbàdàn nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ní àyíká Òkè Mápó, orúkọ àdúgbò kì í ṣe ohun tí a fi ń júwe ọ̀nà lásán. Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Bẹyẹrúnká àti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bù jẹ́ àkọlé tí olùkọ́ tí ó bá ń kó oríkì agboolé jọ yóò kọ sórí ìwé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ ń wọ ilé àwọn olùkọ́, irú àkọlé bẹ́ẹ̀ lè di ìṣòro. Fáìlì tí wọ́n tẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi dísíkẹ́ẹ̀tì gbé wálé, lè hàn lójú kọ̀ǹpútà ilé, kí ó má ṣeé ṣí, kí ó má sì ṣeé parẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Fáírọ́ọ̀sì pọ̀ nígbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó lè fa àìsàn yìí, tí ìtàn rẹ̀ sì gùn ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Èyí ni àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ.

Ìpàdé tí ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀ fi ẹsẹ̀ àmì yìí múlẹ̀. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́, tí ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé jáde ní 1965, kò yọ ọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ẹni tí ó fi gègé kọ̀wé kò ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó fi taípúráítà tẹ̀wé lè padà mú bírò kí ó fi àmì náà sí i. Kọ̀ǹpútà ni kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà ni lẹ́tà lójú rẹ̀, lẹ́tà tí kò bá sì ní nọ́ńbà kò sí.

Ní 1963, ọdún kan náà tí IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n gbé ìlànà ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Àyè 128 péré ni ó ní, ẹ kò sì sí níbẹ̀. Windows tí ó wọ ilé wa lẹ́yìn náà ń lo tábìlì alááyè 256 tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Nítorí pé àwọn elédè wọ̀nyẹn nílò á, à, é àti ó, Yorùbá bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Mápó wọlé láìfarapa. Bẹẹrẹ kò rí àyè. Ní ti Bẹyẹrúnká, ú àti á rẹ̀ yè, ẹ méjèèjì ṣègbé.

Windows 95 bẹ̀rẹ̀ sí fún fáìlì ní orúkọ méjì: orúkọ kúkúrú ti DOS, tí kò ju lẹ́tà mẹ́jọ àti mẹ́ta lọ, àti orúkọ gígùn tí ó lè tó lẹ́tà 255. Unicode ni wọ́n fi ń kọ orúkọ gígùn sórí dísìkì, ẹ sì ti wà nínú Unicode láti 1993. Windows XP, tí ó jáde ní 2001, lè kọ ọ́, ó sì lè kà á. Bí olùkọ́ bá tẹ "Ìtàn Bẹẹrẹ" sí ìlà àkọ́kọ́ nínú Word, ìlà yẹn ni Word yóò dábàá fún un gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì. Ó lè gbà á láìfura. Ṣùgbọ́n Windows 98 tí ó wà nílé kò mọ ẹ, ó sì ń fi àmì mìíràn dípò rẹ̀. Orúkọ tí ó ti yí padà yìí ni yóò wá lọ nínú dísìkì, kò sì sí fáìlì tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró ní Ọjà'ba tí ó ń pe Àdùkẹ́ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, Àdùkẹ́ kò ní dáhùn, bí ó tilẹ̀ wà nítòsí. Ìdí kan náà ni fáìlì náà kò fi ṣeé parẹ́.

Ewu wà nínú kí a fi ipá pa á rẹ́. Nínú DOS, àmì ìbéèrè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. Ẹni tí ó bá kọ DEL B??R?.DOC lè pa BAARA.DOC rẹ́ mọ́ ọn. Orúkọ kúkúrú ni ọ̀nà àbáyọ: àṣẹ DIR máa ń fi í hàn, ó sábà máa ń parí sí ~1, òun ni a sì lè fi ṣe COPY, REN tàbí DEL. Àwọn tí kò mọ èyí a máa ní kí wọ́n fọ́mátì dísìkì náà. Oríkì tí wọ́n gbà lẹ́nu àgbà tí ó ti kú a sì bá a lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni àìsàn ń ṣe.

Fáìlì tí ó sọnù ní ìtàn tirẹ̀. DOS kì í nu ọ̀rọ̀ inú fáìlì tí a bá pa rẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó ń yọ, tí ó sì ń kéde àyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfo. Àṣẹ UNDELETE, tí ó bá MS-DOS 5.0 dé ní 1991, a máa béèrè lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà, ẹni tí fáìlì rẹ̀ sọnù kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sórí dísìkì náà títí yóò fi gbà á padà. Bí NEPA bá sì mú iná lọ lójijì, ScanDisk lè ṣa àfọ́kù fáìlì jọ sínú FILE0000.CHK, fáìlì tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ń pa á rẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé kí wọ́n yọ àmì kúrò. BEERE.DOC kò fa ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú OWO.DOC, ta ni yóò mọ̀ bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, ọ̀wọ̀, òwò tàbí ìlú Ọ̀wọ̀? Àṣà yìí kò kúrò nígbà tí bọ́tìnnì Yorùbá wọ inú Windows.

Unicode pàápàá kò tíì yanjú gbogbo rẹ̀. Kò ní àyè kan ṣoṣo fún ẹ̀: a lè fi ẹ àti àmì ohùn kọ ọ́, a sì lè fi e, àmì abẹ́ àti àmì ohùn kọ ọ́. Nítorí náà, àpò fáìlì méjì lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan, tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bù, tí ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé inú ọ̀kan lè wá a títí nínú èkejì.