Òwú Ríran ní Èkìtì: Iṣẹ́ Tó Kú Ṣáájú Òfì

Bí wọ́n bá dárúkọ Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì lónìí, ìrẹsì ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà àwọn baba ńlá wa, òwú náà wà lóko ní àárín gbùngbùn Èkìtì. Àárín iṣu àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn ín sí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí èso rẹ̀ là, iṣẹ́ àwọn obìnrin dé nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀hún gùn. Wọn á sá òwú sóòrùn, wọn á gbé e lé igi tàbí òkúta pẹlẹbẹ, wọn á wá fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i mọ́lẹ̀ kí kóró inú rẹ̀ lè bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n títí yóò fi rọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni ríran ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ki amọ̀ sísun róbótó bọ̀ nídìí ni wọ́n fi ń ran án. Ẹni tó ń ranwú á fi ọwọ́ kan ta á kó máa yí bí òkòtó, á sì máa fi èkejì fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹfun tàbí eérú ni wọ́n fi ń pa ìka, kí òógùn má bàa mú un lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ni iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ sí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé oko mọ́ ṣì lè jókòó sẹ́yìnkùlé kó máa ranwú. Àmọ́ òwú tí òfì máa jẹ tán lọ́jọ́ kan, ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi ń ran án. Ibẹ̀ gan-an ni aṣọ òyìnbó ti rí wa mú.

Òfì obìnrin Èkìtì yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin tó ń hun aṣọ tóóró. Tiwọn dúró ṣánṣán lẹ́bàá ògiri nínú ilé: igi kan ní ìbú lókè, òmíràn nísàlẹ̀, òwú sì yí méjèèjì po. Aṣọ tó ń tibẹ̀ jáde fẹ̀ débi pé méjì tàbí mẹ́ta tí a rán pọ̀ ti tó ìró. Kíjìpá ni. Ó nípọn, ó lálòpẹ́, wọ́n fi ń roko, wọ́n fi ń bora lásìkò ọyẹ́, wọ́n fi ń pọnmọ, wọ́n sì fi ń di òkú. Irú òfì yìí náà ni wọ́n ń lò ní Àkókó, Ọ̀wọ̀, Kàbà àti lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀bìrà. Elisha Renne, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn ará Bùnú nítòsí Kàbà gbé, kọ ìwé lórí aṣọ wọn ní 1995. Ó fi hàn níbẹ̀ pé aṣọ ọwọ́ kò kúrò nídìí ètùtù àti oyè kódà lẹ́yìn tí aṣọ ọjà ti gba ara gbogbo èèyàn.

Rélùwéè ló mú aṣọ ọjà yìí súnmọ́ wa: ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Láti Òṣogbo, orí ni ẹrù fi ń wọ Èkìtì. Àwọn òṣómàáló láti Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ òyìnbó kiri abúlé, wọ́n ń tà á láwìn. Ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó yóò bá wọn ní ìlóṣòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san án. Òwú tí ẹ̀rọ ran náà wọ ọjà. Kò ní kókó, wọ́n ti rẹ ẹ́ láró wá láti ilé, kò sì sí pé à ń gbọ̀n, à ń ran. Ta ló máa dá ahunṣọ tó rà á lẹ́bi? Nígbà tí owó kòkó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìyá àgbà tó ń ranwú pàdánù oníbàárà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé.

Nígbà tó yá, ó kan òfì fúnra rẹ̀. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì wà títí di 1954. Àwọn agbẹ́gilére bíi George Bandele àti Lamidi Fakeye ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ibẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi aṣọ òfì ṣe ẹ̀wù àlùfáà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tó láti gba òfì ilé là. Ní oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ọmọbìnrin tó yẹ kó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí òfì bọ́ sí kíláàsì. Èmi kò lè bínú sí ìyẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ilé ìwé fi rọ́pò rẹ̀ ni ìránṣọ àti súwẹ́tà híhun: abẹ́rẹ́ gígùn méjì, òwú wúùlù láti ìsọ̀. Òun ló bí fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà ọmọ tuntun tí àwọn ìyá ń hun. Lóde òní, aṣọ òfì náà ti padà dé. Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà tí a bí ní Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ní 1951, ti kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin níṣẹ́ aṣọ ní Òṣogbo àti ní ìlú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ti ń jókòó sídìí òfì tóóró tó jẹ́ ti ọkùnrin tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òwú ẹ̀rọ ló pọ̀ jù lórí àwọn òfì wọ̀nyí, òmíràn ń dán yanranyanran.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé kíjìpá wá tà fún ọ tó ní ti àtijọ́ ni, òwú ni kó o kọ́kọ́ wò. Tó bá nípọn níhìn-ín, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, tí èérún kóró òwú ṣì há mọ́ ọn, ọwọ́ ló ran án. Tó bá gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dúnàá-dúrà dáadáa.