Gìtá Báàsì Olókùn Mẹ́fà: Fífi Okùn Méjì Kún Mẹ́rin Kò Le, Mímú Wọn Fọhùn Ni Iṣẹ́

Bí akọrin bá ń kọrin, ojú gbogbo ayé a máa wà lára rẹ̀. Bí onígìtá bá ń fi gìtá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ, a ó máa pariwo, a ó máa ná owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ yọ báàsì kúrò lábẹ́ orin náà, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá kò ní dà bí ilé tí wọ́n yọ òpó rẹ̀. Àwọn àgbà onílù wa mọ èyí tipẹ́. Nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ báàsì, òun ló ń dún lábẹ́ ìlù tí ẹsẹ̀ oníjó fi ń mọ ibi tó máa tẹ̀.

Lónìí, ẹni tó bá wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, tó sì yojú sí ibi tí àwọn onílù jókòó sí, ó ṣeé ṣe kó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé gìtá báàsì olókùn mẹ́fà kọ́rùn, tí ọrùn gìtá ọ̀hún fẹ̀ bíi pátákó. Àwọn àgbà onígìtá kan a máa yínmú sí i. Wọ́n á ní mẹ́rin ni àwọn fi jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, pé fáàrí ni méjì tó kù. Ṣé fáàrí ni lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká tọ ìtàn rẹ̀ dé orísun.

Ọdún 1951 ni, ní ìlú Fullerton, ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọ̀gbẹ́ni Leo Fender, ẹni tó ti ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀, gbé gìtá báàsì oníná kan jáde, ó pè é ní Precision Bass. Kó tó dìgbà náà, báàsì tí àwọn onijáàsì ń lò dà bíi gòjé ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n ń dì mọ́ra bí ẹni ń bá ìyàwó jó. Gbígbé e wọ ọkọ̀, wàhálà. Gbígbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín fèrè àti ìlù, wàhálà. Fender sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè gbé kọ́rùn. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́rin tó wà lára báàsì àgbà yẹn náà ló fi sára tirẹ̀: E, A, D, G. E ló nípọn jù, òun lohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ jù. Gígùn okùn láti egungun tó wà lókè ọrùn dé ibi tó gùn lé nídìí gìtá jẹ́ ínṣì 34. Ìwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ gìtá báàsì ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Olókùn mẹ́fà náà kò pẹ́ dé. Ilé iṣẹ́ Danelectro ṣe ọ̀kan lọ́dún 1956, Fender fúnra rẹ̀ sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1961. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iye okùn tàn yín jẹ. Gìtá lásán tí wọ́n mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ni ìwọ̀nyí. Okùn tó nípọn jù lára wọn, E kan náà ni. Wọn kò sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí Fender dúró sí ní 1951 lọ.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ gan-an, ẹ gbọ́ ìtàn kan tó máa fi hàn yín pé okùn ń ṣe ju ohun tí a rò lọ. Lọ́dún 1965, ẹgbẹ́ The Who ń múra láti gba orin My Generation sílẹ̀ ní London. John Entwistle tó ń ta báàsì wọn ra Danelectro kan nítorí okùn tín-ínrín tó wà lára rẹ̀, tó ń dún bíi ṣaworo. Okùn já. Ó wá òmíràn káàkiri ìgboro, kò rí rà. Kí ló ṣe? Ó lọ ra odindi gìtá míì! Okùn tìyẹn náà já. Ó tún ra ẹ̀kẹta. Gìtá mẹ́ta nítorí okùn! Nígbà tó sú u, Fender ló padà fi gba orin náà sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1966, James How tó ń ṣe okùn Rotosound ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a jókòó, wọ́n sì jọ ṣe é títí okùn báàsì fi ń dún kedere bíi dùùrù. Láti ìgbà náà ni okùn ti di ohun tí onígìtá ń yàn, tí kì í ṣe ohun tó kàn bá lára gìtá nígbà tó rà á.

Wàyí o, ẹni tí mo ń wí ni Anthony Jackson, tí wọ́n bí ní New York lọ́dún 1952. Kì í ṣe ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe máa mọ òun. Lọ́dún 1973, báàsì tó ta nínú orin For the Love of Money tí ẹgbẹ́ The O'Jays kọ ti gba ìgboro kan, gìtá olókùn mẹ́rin ló sì fi ta á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣebí gìtá ni gìtá báàsì? Gìtá sì ní okùn mẹ́fà. Kí ló dé tí àgbà inú ẹbí náà fi ní mẹ́rin? Ó ní nítorí pé ara báàsì àgbà ni Fender ti wo mẹ́rin ni, kì í ṣe pé mẹ́rin tó. Ó ní kí wọ́n fi B kún un nísàlẹ̀, kí wọ́n fi C kún un lókè: B, E, A, D, G, C.

Carl Thompson, agbẹ́gìtá kan ní New York, gbà láti ṣe é, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 1975. Mẹ́fà pé. Àbí kí ló tún kù? Ó kù ohun tó pọ̀ o. Àwọn okùn náà sún mọ́ra jù fún ìka Jackson. Èyí tó tún wá le jù ni B, nítorí okùn kì í purọ́.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn: bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó, àti bí a ṣe fà á le tó. Mersenne, àlùfáà Kátólíìkì kan nílẹ̀ Faransé, ti kọ òfin náà sínú ìwé láti 1636. Okùn E ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, B ń gbọ̀n nígbà 31. Bí ẹ bá dẹ okùn E títí tó fi di B, líle tó máa kù nínú rẹ̀ kò ní ju ìdá 56 nínú 100 lọ. Á wá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí okùn ìsáṣọ, á máa lu àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá. Bí ẹ bá fẹ́ kó le bíi ti tẹ́lẹ̀, ó di dandan kẹ́ ẹ fi okùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó méjì rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n okùn tó bá ti nípọn jù, gbagidi ló ń ṣe, ohùn rẹ̀ á dà bí ìgbà tí wọ́n lu páànù. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjèèjì ló ní ẹ̀gún.

Ọ̀nà kẹta ni kí okùn gùn sí i. Bí okùn kan náà bá kúrò ní ínṣì 34 tó di 36, tí ohùn rẹ̀ kò yí padà, líle rẹ̀ á fi ìdá 12 nínú 100 lé sí i. Ohun tí Jackson ń wá kiri nìyẹn. Ken Smith náà bá a ṣe olókùn mẹ́fà, tí okùn rẹ̀ jìnnà síra. Nígbà tí Vinny Fodera àti Joey Lauricella dá ilé iṣẹ́ Fodera sílẹ̀ ní Brooklyn lọ́dún 1983, àwọn ló wá ṣe onínṣì 36 tó wù ú. Ẹ ka ọdún náà láti 1975. Ó tó bí ọdún mẹ́wàá tó fi ń dààmú lórí ohun tí èèyàn rò pé ó ti parí lọ́jọ́ tí okùn pé mẹ́fà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Kí ọdún 1990 tó pé, John Patitucci ti gbé olókùn mẹ́fà yíká ayé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Chick Corea, ọ̀rọ̀ fáàrí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi owó tó làágùn rí ra olókùn mẹ́fà lónìí. Kó má wo gìtá nìkan, okùn ni kó kọ́kọ́ yàn. Ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì ni wọ́n fi ń wọn okùn. Èyí tó wọ́pọ̀ fún olókùn mẹ́fà ni 30 fún C, 45 fún G, 65 fún D, 85 fún A, 105 fún E, àti 130 fún B. Ẹni tó ń tẹ okùn jẹ́jẹ́ lè lo èyí tó tín-ínrín jùyẹn lọ, ẹni tó ń fi agbára lù ú kò gbọdọ̀ dán an wò. Àwọn B kan wà tí ìdí wọn tín-ínrín níbi tó gùn lé irin. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè máa gbọ̀n dáadáa láìgan.

Wáyà tí wọ́n wé mọ́ okùn náà tún ńkọ́? Roboto kan wà, pẹlẹbẹ kan wà. Roboto ni Entwistle fẹ́, ó ń dún kedere, ṣùgbọ́n ó ń jẹ igi ọrùn gìtá, òógùn sì ń tètè bà á jẹ́. Àwọn kan a máa sè é nínú omi gbígbóná kí ìdọ̀tí lè jáde, ọjọ́ díẹ̀ ni ìyẹn ń gbà wọ́n. Pẹlẹbẹ ni James Jamerson lò ní Motown, ní Detroit. Kì í pààrọ̀ okùn àfi bó bá já, ohùn tó dúdú, tó sì tutù, ló fi gbé orin àwọn èèyàn ńlá ró.

Lẹ́yìn okùn ni títò. Okùn mẹ́fà ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó ju 200 pọ́ùn lọ, bí ìgbà téèyàn fi nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ bá yí ìwọ̀n okùn padà, gbogbo rẹ̀ lẹ máa tún tò. Èkíní, ẹ wò ó bí ojú ihò egungun òkè gba B tó nípọn. Èkejì, ẹ yí ọ̀pá irin inú ọrùn, ìdá mẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì dúró wò ó. Ẹ tẹ okùn mọ́ irin àkọ́kọ́ àti irin ìkẹyìn, àlàfo fẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ẹ̀kẹta, ẹ wá gbé okùn ga tàbí kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ lójú irin kejìlá, kẹ́ ẹ ta á, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fa ìjókòó okùn sẹ́yìn. Bó bá kéré jù, ẹ tì í síwájú. Ẹni tó bá fo èkíní lọ sí ẹ̀kẹrin, á kàn máa pa ara rẹ̀ níyà ni.

Nítorí náà, kí àwọn àgbà wa má fi ọ̀dọ́ onígìtá mẹ́fà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, kí ọ̀dọ́ náà má sì rò pé iye okùn ló ń sọni di ọ̀gá. Ẹni tó tò mẹ́rin dáadáa sàn ju ẹni tó gbé mẹ́fà tí B rẹ̀ ń jà bí eṣinṣin inú ìgò. Ọjọ́ tí B bá fọhùn kedere ni mẹ́fà tó pé.