Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Àmì Ẹ̀yẹ

Bí ìjọba Nàìjíríà bá dá ènìyàn lọ́lá, àwọn oníròyìn wa a máa kọ ọ́ pé ó "jẹ oyè" OON tàbí CFR. Ó ń dùn mí. Àmì ẹ̀yẹ nìyẹn, gbígbà ni a sì ń gbà á.

"Ẹ̀yẹ" àti "yẹ́ sí" bá ara wọn tan: a yẹ́ ènìyàn sí nítorí ohun tó ti ṣe. Oyè ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ nínú, ó sì ní ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ wo M.K.O. Abíọ́lá. Ní 1988, wọ́n fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ọ̀yọ́. Ó kú ní 1998, oyè sì ṣófo títí di Oṣù Kìn-ín-ní 2018, tí Gàní Adams fi jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Buhari fi GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá, àwọn ẹbí rẹ̀ ló sì bá a gbà á. Òkú kò lè jẹ oyè, ṣùgbọ́n a lè yẹ́ ẹ sí. Àwa náà la ń pe ìsìnkú ní ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Kakaǹfò ti kúrò lọ́wọ́ Abíọ́lá, GCFR kò ní àrólé.

Ohun tí a ń gbà, a lè kọ̀ ọ́: Gàní Fáwẹ̀hìnmi kọ OFR ní 2008, Chinua Achebe kọ CFR ní 2004 àti 2011.

Ẹ̀yin akọ̀ròyìn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ọ́ pé: "ó gba àmì ẹ̀yẹ."