Igbá Ni Ọkọ̀ Tiwa

Kí àwọn àgbà tí a pè tó dá sí ọ̀rọ̀ òní, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan ṣíde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dìde ní kíláàsì, tí ó ní, "Ọ̀gá, àwọn Ìlàjẹ gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kí ni àwọn baba ńlá wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe?", kí ni olùkọ́ yóò fi dá a lóhùn? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ẹṣin ni a mọ̀, a kò mọ ọkọ̀. Èsì yìí kò pé.

Ọkọ̀ gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ àná ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní 1987, darandaran kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo. Gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju 8,000 ọdún lọ. Àwọn ará etí ọ̀sà fi iná kún ọgbọ́n yìí: lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ inú igi tán, wọn a dáná yá a títí yóò fi rọ̀, wọn a sì fi ọ̀pá ìdábùú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta kí inú ọkọ̀ lè fẹ̀ sí i. Ní Ségù, létí odò Ọya, Mungo Park rí ọgbọ́n mìíràn ní 1796: igi ńlá méjì tí a gbẹ́, tí a wá so pọ̀ ní orí sí ìdí. Ó rí ẹṣin mẹ́rin pẹ̀lú ènìyàn nínú ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wá wo ilẹ̀ tiwa. Ọ̀dàn ni, igi tí ó tó gbẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Odò Ọbà, tí ó wà láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, a máa kún ní ìgbà òjò, a sì máa fà ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ta ni yóò fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbẹ́ igi tí yóò jókòó sórí iyanrìn títí òjò yóò fi padà?

Igbá ńlá tí a kò là ni àwọn baba wa mú. Àwọn ajíhìnrere òyìnbó tí ó rin ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ ọ́ sílẹ̀: ẹrù a wà lórí igbá, arìnrìn-àjò a dì í mú, òmùwẹ̀ a sì máa tì í lọ sí òdìkejì. Ohun tí ó ń mú ọkọ̀ léfòó náà ni ó ń mú igbá léfòó, èyí ni afẹ́fẹ́ tí omi kò rí àyè wọ̀ bá. Igbá kò ní ojú ìsopọ̀ tí yóò máa jò. Oko ni a ti ń gbìn ín, ẹnì kan ṣoṣo sì lè gbé e.

N kò sọ pé igbá dọ́gba pẹ̀lú ọkọ̀. Kò lè gbé ẹṣin, ẹni tí ó bá sì bọ́ lára rẹ̀ nígbà tí odò kún wà nínú ewu. Òkè Ọya ni a ti ń ra ẹṣin tí Ọ̀yọ́ fi jagun. Lójú odò ńlá yẹn, àwọn Tápà ni ó ni ọkọ̀. Ìjọba tí ó lágbára lórí ilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí omi.

Afárá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igbá. Ọkọ̀ Dufuna wà nínú ilẹ̀ títí a fi rí i. Igbá a máa jẹrà, kì í sábà fi àmì sílẹ̀ fún ẹni tí yóò walẹ̀. Yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ajíhìnrere kọ, ẹnu àgbà ni ẹ̀rí rẹ̀ kù sí. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀la yóò gbà pé a kò ní nǹkan kan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kàn yín.